Bàbá Mi Ń Kú Lójoojúmọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́dọ̀ màmá mi ní Igbó-Ọrà, nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Iyè wọn ra. Wọ́n gbàgbé ọ̀nà ilé, wọ́n gbàgbé pé àwọn ti jẹun, wọ́n wá gbàgbé èmi tí wọ́n bí! "Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o," bí wọ́n ṣe ń kí mi nìyẹn. Ní Igbó-Ọrà tí ìbejì kún fọ́fọ́ ńkọ́? Ta ni kì í ṣe Ìyá Ìbejì níbẹ̀? Ó dùn mí wọra. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi ni.

Wọ́n tún ń bèèrè bàbá mi, tó ti kú tipẹ́. Èmi ọmọ olóòótọ́, mo ní ẹni tó gbàgbé, ṣebí ńṣe là á rán an létí? Mo là á mọ́lẹ̀ pé bàbá ti kú. Yéè! Wọ́n figbe ta, wọ́n ká ọwọ́ lérí, aládùúgbò sáré dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún bèèrè, mo tún sọ, ẹkún tún sọ! Nígbà tó yá, Ìyá Ràfíù tó múlé tì wá kò dìde mọ́. Á kàn nahùn láti ilé rẹ̀ pé, "Ṣé Bàbá tún ti kú ni?"

Nọ́ọ̀sì kan ló gbà mí. Ó ní kí n yé bá wọn jiyàn, kí n máa fi oríkì kì wọ́n láràárọ̀, kí n sì fún wọn níṣẹ́ tọ́wọ́ wọn ti mọ̀. Mo gbé ẹ̀gúsí kalẹ̀. Ẹ wá wo ọwọ́! Wọ́n ń bó o kíákíá, wọ́n tún ń bú mi pé mò ń fọ́ tèmi. Bí wọ́n bá bèèrè bàbá, màá ní bàbá lọ sóko ní Tápà, ìlú ìtòsí wa, màá wá bi wọ́n pé irú iṣu wo ni bàbá fẹ́ràn jù ná? Ìtàn á bẹ̀rẹ̀, ẹkún ò ní í wáyé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n tún bèèrè. Mo ní, "Wọ́n wà lóko, Màmá."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n fọwọ́ eléèpo ẹ̀gúsí di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mú.

"Àjọkẹ́, bàbá ẹ ti kú. Wọn ò sọ fún ẹ ni?"

Ni wọ́n bá ń rẹ̀ mí lẹ́kún! Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín. Orúkọ mi ni mo gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Kílẹ̀ tó ṣú, mo ti padà di Ìyá Ìbejì.

Ẹni tíyè rẹ̀ bá ra, ẹ má fi òótọ́ nà án. Ẹ wá iṣẹ́ fún ọwọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Ẹ̀yin tí ìyá yín ti kí bí àlejò rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ wá sọ tiyín kí n gbọ́.