Agolo Gbígbẹ àti Sùtánà Ìyá Dẹ́bórà

Ọdún tó tẹ̀lé kónílé-ó-gbélé kòrónà ni, nígbà tí ìbòmú ṣì wà lápò gbogbo wa, tí kò sì sí nímú ẹnikẹ́ni. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ibùdó ìwakùsà kan lẹ́yìn Ìgàndò. Yanrìn tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì là ń wà níbẹ̀, omi kẹ́míkà la sì fi ń fọ àwọ̀ pupa kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé báwo la ṣe ń bá ọ̀gá jà láìfọ́ fèrèsé, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ ṣàṣìṣe.

Inú adágún kan tí a tẹ́ rọ́bà sí nísàlẹ̀ ni omi ìdọ̀tí náà ń lọ. Lábẹ́ rọ́bà yẹn ni páìpù kan wà tí ẹnu rẹ̀ kan yọ sókè létí adágún, tí èkejì sì já sí ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Bí rọ́bà bá jò, páìpù á gbé omi náà wá sínú ihò, a ó sì mọ̀. Láràárọ̀ ni mo ń fi okùn sọ agolo mílíìkì sínú ihò náà. Bó bá gòkè wá ní gbígbẹ, màá kọ “gbẹ” sínú ìwé, màá sì pariwo “Alihamudulilai!” Odindi oṣù méjì ni agolo fi gbẹ táútáú, inú wa sì ń dùn ṣìnkìn. Inú òjò la wà o, kò sì sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé irú gbígbẹ wo nìyí.

Ìyá Dẹ́bórà ló là wá lójú. Aládùúrà ni, àdúgbò wa ló ń gbé, omi kànga rẹ̀ sì ni gbogbo wa ń pọn, títí kan ilé tèmi. Ó mọ̀ pé n kò dé Mẹ́kà rí, síbẹ̀ Àlàájì ló máa ń pè mí kó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti ará ìjọ rẹ̀ bí ogún dé ẹnu géètì wa nínú sùtánà funfun. Funfun kọ́ mọ́! Omi kànga tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ti sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dá wọn dúró. “Màmá, ẹ má bínú. Láìwọ bàtà, ẹ ò lè wọlé. Òfin séfítì ni.”

“Ọmọ mi, sùtánà ló wà lọ́rùn mi yìí. A kì í wọ bàtà sí i. Tiwa náà, òfin ni.”

“Jàre, Màmá, ẹ wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀.”

“Kí n wá ṣẹ Ọlọ́run torí ọ̀gá ẹ? Ó tì o. Ẹni tó ní bàtà kó jáde wá bá mi.”

Bí mánijà ṣe jáde nìyẹn. Ká ní wọ́n wọ bàtà ni, ọ́fíìsì ni ì bá ti fún wọn ní míníráàlì mu, kó sì rọra tì wọ́n jáde. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ló ti bá wọn, gbogbo àwa òṣìṣẹ́ sì ń wò.

Ìyá Dẹ́bórà ní omi adágún wa ló ba kànga òun jẹ́.

“Agolo ń gbẹ lójoojúmọ́,” mánijà fèsì. “Akọ̀wé, àbí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́?”

Ojú tì mí gan-an. “Èmi ni, sà. Gbígbẹ náà ló ń bà mí lẹ́rù báyìí. Bí páìpù bá ti dí ńkọ́?”

Búlúù ìfọṣọ wà nínú báàgì Ìyá Dẹ́bórà, èyí tó ti fi jà títí kí sùtánà náà lè funfun. Mo pò ó mọ́ omi, mo dà á sí ẹnu páìpù lókè. Ó yẹ kó jáde sínú ihò. A dúró títí. Mo sọ agolo sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, gbígbẹ ló ń gòkè wá. Nígbà náà ni Sùlé, tó ń wa katapílà, bọ́ akoto orí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Mo fi katapílà gun páìpù yẹn lẹ́bàá adágún, ó fọ́, rọ́bà sì ya. Ẹ̀rù iṣẹ́ mi ló bà mí, mo bá wa yanrìn bò ó.”

Mánijà ní kí Sùlé máa lọ sílé, pé kí àwa tó kù padà sẹ́nu iṣẹ́, òun á tún páìpù ṣe tó bá dẹ̀ẹ̀rùn.

“A ò ní fọ yanrìn kankan títí páìpù á fi dára,” mo ní. “Sùlé náà ò sì ní lọ síbì kankan. Bí ẹ bá lé ẹni tó jẹ́wọ́, ta ló tún máa jẹ́wọ́ lọ́la?”

Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó. A sá àwọn sùtánà náà sórí ọgbà ilé-iṣẹ́, ọlọ́kadà tó ń kọjá sì ń béèrè bóyá ibẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa onímàle náà mọ orin ìjọ wọn dé ẹsẹ kẹta. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ní ọjọ́ kẹta, mánijà gbà.

A fa omi adágún gbẹ. Sùlé fúnra rẹ̀ ló fi ṣọ́bìrì hú páìpù náà jáde. A gé ibi tó fọ́, a fi tuntun sí i, a lẹ rọ́bà. Mo tún da búlúù sí i lókè. Agolo gòkè wá, omi búlúù kún un dẹ́nu! Ìyá Dẹ́bórà ké “Halelúyà!”, èmi náà ké “Alihamudulilai!”, ìgbà àkọ́kọ́ tí agolo tútù mú inú mi dùn láyé mi nìyẹn.

Ohun tí a jèrè kò kéré. Sùlé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń kọ “gbẹ” láìkọ́kọ́ da omi sí páìpù lókè, ará àdúgbò kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kànga yẹn kò ṣeé mu mọ́, ó sì ń dùn mí, nítorí oṣù méjì ni mo fi ń dúpẹ́ lórí ohun tó ń bà á jẹ́. Ilé-iṣẹ́ ṣèlérí kànga ẹ̀rọ fún àdúgbò. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn kò tíì gbẹ́ ẹ.

Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣooṣù, Ìyá Dẹ́bórà máa ń wọ sùtánà pupa rúsúrúsú yẹn wá sí ẹnu géètì.

“Àlàájì, ṣé bàtà wà lẹ́sẹ̀ ẹ?”

“Ó wà, mà.”

“Ó dáa. Wọlé lọ, kí o pè wọ́n wá fún mi.”