Ohun Tó Ń Fọ́ Tòmátì Wa Láti Ògbómọ̀ṣọ́ Dé Ìdí-Àràbà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nídìí tòmátì fún yín. Ara ṣẹ̀ṣẹ̀ tù mí ni.

Àwa mẹ́ta la jọ dá iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ ní Yábàá. À ń ra tòmátì nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́, à ń tà á fún àwọn olóúnjẹ. Èmi ni mò ń ṣètò bí ẹrù ṣe máa wọ Èkó láì bàjẹ́. Ẹ ṣáà mọ apẹ̀rẹ̀: wọ́n á tò ó lérí ara wọn títí ti ìsàlẹ̀ á fi di omi. Mo ní ká lo kíréètì oníke. Ó le, afẹ́fẹ́ ń gba inú ẹ̀ kọjá, ó sì ṣeé fọ̀ lò pa dà. Ta ló máa bá mi jiyàn?

Tòmátì fúnra ẹ̀ ni! Ẹrù àkọ́kọ́ dé, ó fọ́. Ìkejì náà fọ́.

Àǹtí Bísọ́lá, tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà, ni oníbàárà wa tó tóbi jù. Wọ́n ṣí kíréètì kan, wọ́n wò mí. "Àbúrò, ṣé o ti bá mi lọ̀ ọ́ wá ni?" Wọ́n wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bí ìkẹta bá rí báyìí, ọ̀dọ̀ ẹni tí àwọn ń bá rà tẹ́lẹ̀ ni àwọn ń pa dà sí. Bí wọ́n bá lọ, iṣẹ́ wa parí nìyẹn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní awakọ̀ ló ń sáré. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ mi ò rí ẹ̀rí. Ohun tí mo rí ni pé ti orí ló ń fọ́ nínú kíréètì, ti ìsàlẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Kí ló fà á? Mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìyá Àlàbá ló ń kó tòmátì fún wa níbẹ̀. Wọ́n kó tòmátì kún kíréètì dé etí lójú mi, wọn ò dúró. Wọ́n ń kó o lé e títí ó fi ga bí òkìtì. Àwọn tó ń kó ẹrù sọ́kọ̀ wá gbé kíréètì mìíràn kà á lórí!

Mo rọra ní kó má kọjá etí mọ́. Ojú wọn yí pa dà.

"Ọmọ mi, ṣé kí n máa wọn ọjà pẹrẹsẹ fún oníbàárà, kí wọ́n máa pè mí ní ahun?"

Èènì! Nínú gbogbo ètò tí mo yà sórí ìwé, mi ò rántí èènì. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kó gbogbo èènì sínú kíréètì kan ṣoṣo, ká gbé e sókè pátápátá. Wọ́n rò ó, wọ́n ní àfi kí n sọ fún oníbàárà pé àwọn ló fi ránṣẹ́. Mo gbà.

Nígbà tí ẹrù kẹta dé, Àǹtí Bísọ́lá tú kíréètì kan dé ìsàlẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló rọ̀. Mo nawọ́ sí ti òkè, mo ní èènì wọn nìyẹn, Ìyá Àlàbá ló fi ránṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé mò ń retí ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Orí kíréètì òfìfo ni mo jókòó sí. Ọkàn mi wá balẹ̀.

Ẹrù kan ò tó ẹ̀rí, mo mọ̀. Àmọ́ kí n tó tún ohun ìkẹ́rù ẹnikẹ́ni pààrọ̀, màá kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó ń kó ọjà sínú ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Àṣà wo lẹ gbàgbé nínú ètò tiyín, tó wá fojú yín rí nǹkan? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á.