Eérú fún Ìkòkò Aró Ìyá Mi

Ọjọ́ tí iná jó ọjà Bantè, nígbà tí ìjọba Faransé ṣì wà lórí wa, ni n kò lè gbàgbé láyé mi. Ràmá ni wọ́n ń pè mí, ọmọ ilé ìwé ni mí nígbà náà.

Láti Ṣakí ni ìyá mi ti wá ń rẹ aṣọ tà. Eérú ni aláró fi ń ṣe omi aró, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ọjà kì í fún àlejò ní eérú ààrò wọn. Ìyá Àlàbá, tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, sọ fún ìyá mi pé, "Lọ wá eérú ní ìlú rẹ." Akpassi, ìlú mìíràn tó jìnnà, ni ìyá mi ti ń ru ú wá.

Lọ́jọ́ náà, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé iná láti ààrò alákàrà, ó ràn mọ́ koríko òrùlé ìsọ̀ Ìyá Àlàbá. Kànga jìnnà. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún. Ìyá mi wo ìkòkò aró wọn mẹ́ta, èyí tí wọ́n ti fi ọjọ́ méje tọ́jú, wọ́n sì ki igbá bọ ọ̀kan.

"Ẹ bù ú," ni wọ́n wí fún àwọn obìnrin náà. "Ẹ bù ú tán."

A bù ú dà sí iná títí iná fi kú. Gbogbo wa dúdú bí aṣọ ẹtù. Ìyá mi jókòó ti àwọn ìkòkò òfìfo.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Àlàbá dé ẹnu ọ̀nà wa, ó ru igbá eérú ńlá.

"Ìyá Ràmá, ti ààrò mi nìyí. Ẹ má bínú."

Àwọn obìnrin ọjà yòókù tò tẹ̀lé e, wọ́n ru eérú tiwọn.

Nígbà tó yá, ìyá mi di olórí àwọn aláró Bantè. Bí aláró àlejò kan bá wọ̀lú, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, wọn á ti ní kí n gbé eérú lọ bá a.