Díákónì Tó Fi Ara Rẹ̀ Búra

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́wọ́ díákónì kan lábúlé wa lẹ́bàá Ìrókò. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, Díákónì ló kọ́ wa ní Sunday school. Ó ní nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ búra fún Ábúráhámù, kò rí ẹni tó ju òun lọ tí ì bá fi búra, ló bá fi ara rẹ̀ búra. Ó ṣàlàyé ẹ̀ débi pé mo pàtẹ́wọ́. Àṣé ẹni tó ń pọ́n àdá dè mí ni mo ń pàtẹ́wọ́ fún!

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo dé oko ẹ̀gẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, mo rí i pé pèrègún ààlà ti rìn. Ṣé pèrègún máa ń rìn ni? Bí ebè mẹ́wàá ti bọ́ sọ́wọ́ Díákónì, tí oko wa jọ pààlà. Tíṣà lásán ni mí, ẹ̀gẹ́ yẹn la sì ń jẹ nílé.

Mo gbé ẹjọ́ lọ bá Pásítọ̀. Wọ́n ní bí Díákónì bá lè búra níwájú ìjọ pé òun ò fọwọ́ kan ààlà, ọ̀rọ̀ parí. Inú mi bà jẹ́, torí mi ò ní ẹlẹ́rìí kankan.

Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìwàásù, Díákónì dìde, ó tún agbádá ṣe. Mo retí kó di Bíbélì mú, kó ní kí Ọlọ́run ṣe báyìí báyìí sí òun tóun bá purọ́. Rárá o, ó mọ ẹni tí wọn kì í bá ṣeré. Ó ní ṣebí àwòrán Ọlọ́run lòun, bí Ọlọ́run ti ṣe lòun náà máa ṣe.

"Mo fi ara mi búra." Ó bá jókòó. Àwọn kan tiẹ̀ ṣe àmín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Ìyá Àgbà, tó ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún, ti ń tòògbé látìgbà ìwàásù. Ọ̀rọ̀ yìí ló là wọ́n lójú, ni wọ́n bá pe Díákónì lórúkọ.

"Adélékè, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mo ti lé ní àádọ́ta, mà."

Ìyá ní Ọlọ́run lè fi ara rẹ̀ búra torí pé kò níbẹ̀rẹ̀, kò lópin. Ìgbàkígbà tí èèyàn bá wá bi í, ó máa bá a nílé. "Ìwọ tí ibà dá dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá, bí a bá wá ọ tì, ta la máa bi? Ohun tó bá ju èèyàn lọ ló máa ń fi í búra. Bàbá rẹ àti àbúrò mi ló jọ gbin pèrègún yẹn kí wọ́n tó bí ọ. Ó jù ọ́ lọ. Lọ gbá a mú, kó o fi búra."

Ni gbogbo ìjọ bá wọ́ lọ sóko. Díákónì di pèrègún mú. Kò tíì ta gbòǹgbò níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì í mọ́, ló bá hú sí i lọ́wọ́, erùpẹ̀ ń dà sórí agbádá. Ó dúró síbẹ̀, ó gbá ààlà mọ́yà, kò sì sẹ́ni tó ṣe àmín.

Mo gba ebè mi padà. Díákónì ṣì ń kọ́ wa ní Sunday school, àmọ́ ó ti sá fún Ábúráhámù, ó ti padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ Nóà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tí kò ní kú nìkan ló lè ṣe onígbọ̀wọ́ ara rẹ̀. Àwa yòókù, ká yáa wá nǹkan tó ti ta gbòǹgbò dì mú. Ẹ̀yin ńkọ́, irú ìbúra wo ni wọ́n ti fi rẹ́ yín jẹ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, èmi àti Ìyá Àgbà la jọ máa kà á.