Ọwọ́ Mùkáílà Onígbàjámọ̀

Ìdajì orí Àlùfáà Mùrí ni Mùkáílà onígbàjámọ̀ ti fá kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta ààwẹ̀ ni, lọ́dún 1984, nílùú Ìwó.

“Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró jẹ́ẹ́. Orí yín ń gbọ̀n.”

“Orí mi kẹ̀? Ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n!”

Mùkáílà gbé abẹ sílẹ̀, ó wo àlùfáà láti òkè délẹ̀. “Ta ló ní kí ẹ wá sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?” Àlùfáà dé fìlà lé ìdajì tó kù, ó gba ilé lọ.

Kí Ọlọ́run forí jì í, ìfura loúnjẹ Mùkáílà. Bí o bá kí i “ẹ kú iṣẹ́” lẹ́ẹ̀mejì, á bi ọ́ ohun tí o ń wá. Bí o kò bá kí i rárá, á ní o ti mọ ohun tí o ṣe. Síbẹ̀ òun gan-an ní ohun tó ń fi pamọ́. Nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́, á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Kuta, ó ní òun ń lọ wo ọ̀rẹ́ òun tí ara rẹ̀ kò yá. Ọdún márùn-ún ni ọ̀rẹ́ yìí fi ṣàìsàn. Kò kú, kò sì gbádùn. Ràfíátù ìyàwó rẹ̀ ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé obìnrin ni. Àṣé ilé ọlọ́tí ló ń lọ.

Lọ́dọọdún, bí ààwẹ̀ bá ti dé, á jáwọ́ nínú ọtí, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ẹmu ti di ògógóró, ti ìrọ̀lẹ́ sì ti di ti àárọ̀. Lọ́jọ́ kejì ààwẹ̀, òógùn bò ó bí ẹni tó ń kọ ebè, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, oorun dá lójú rẹ̀, sààrì tó jẹ sì padà jáde. Ó ní wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ òun. Sààrì ọjọ́ kẹta, Ràfíátù ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí Mùkáílà tó fọwọ́ kàn án. Ràfíátù náà wò ó títí, ó ní àárò obìnrin Kuta ló ń ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Mùkáílà bá àlùfáà jà, Ràfíátù fà á lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ di ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà mú.

“Bàbá, ìgbà wo lẹ mutí kẹ́yìn?”

“Ta ló rán ọ sí mi?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹni tó ń mu ún lójoojúmọ́, tó wá dáwọ́ dúró lójijì, bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyí. Bí ẹ bá fi pamọ́ fún wa, gìrì lè gbé yín lálẹ́ yìí, ẹ sì lè bá a lọ.”

Ẹ̀rù ba Mùkáílà gan-an. Ó rọra ní: “Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o.”

Ràfíátù tó jókòó tì í fò dìde. “Alihamudulilahi! Kì í ṣe obìnrin!” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Kò fẹnu kan ọtí mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró, àmọ́ àwa ará àdúgbò ò gbà gbọ́. Abẹ wà, orí ò sí. Odindi oṣù méjì, òun nìkan ló ń jókòó sórí àga àwọn oníbàárà rẹ̀. Ìgbà yẹn ni àánú rẹ̀ ṣe wá.

Sàrátù ọmọ wọn wá bímọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí ó kan irun ọmọ láti fá, gbogbo ilé ń wojú ara wọn. Mùkáílà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n lọ pe ẹlòmíràn. “Mi ò fọkàn tán ọwọ́ yìí.”

“Èmi fọkàn tán an, Bàbá Sàrátù.” Ràfíátù gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sídìí ìkòkò, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Mùkáílà wò ó lọ. Lẹ́yìn náà ó mú abẹ, ó fá irun náà títí orí fi dán. Ọmọ ò tilẹ̀ jí.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn ni Mùkáílà kú. A ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín ní Ìwó. Ràfíátù a bá wa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, lòun rí i tó gba ènìyàn gbọ́ láì béèrè ìdí, òun sì lẹni náà.