Ẹyẹ Tó Bá Joanna Du Ọkọ

Ní gbogbo Odòde, kò sí ẹni tó mọ ẹ̀wù rán bíi Felix Olúsànmí. Láyé ìgbà tí kòkó ń pawó yẹn, ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹ̀wù tuntun lọ sí Máàsì Kérésìmesì ní láti tètè gbé aṣọ fún un kí òjò tó dá, àfi bó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní Àjíǹde. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí yó, kì í bá ènìyàn jà, kì í sì í lé obìnrin kiri. Àwọn ìyá tó ní ọmọbìnrin nílé wò ó títí, ojú ro wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé ọkàn ọkùnrin náà kò ṣófo.

Odídẹrẹ́ ló wà níbẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ ni Felix sọ ọ́, nítorí pé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí iṣẹ́ kan tí ènìyàn lè tọ́ka sí pé ó ṣe. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ìlú gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Olúkúlùkù rò pé ẹnì kejì òun ni wọ́n ń bá wí.

Ẹni tó tà á ti gé ìyẹ́ apá rẹ̀ kan, ó fi èkejì sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹyẹ náà kọ́kọ́ fẹ́ fò láti orí tábìlì, apá kan gbé e, èkejì kò gbé e, ló bá pòyì, ó sì fi àyà sọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Felix sunkún bí ẹni pé òun ló ṣubú. Láti ọjọ́ náà ló ti búra pé sísọ́ọ̀sì òun kò ní kan ìyẹ́ mọ́ láéláé. Ìyẹ́ hù padà, ó gùn, ó dán.

Èjìká Felix ni Kánsẹ́lọ̀ ń gbé bó bá ti ń rán aṣọ. Felix á jẹ ẹyìn lẹ́nu, á sì fi ẹnu fún un. Á fọwọ́ pa á láti ẹ̀yìn dé ìrù. Ó tún ṣe àpótí kan fún un lábẹ́ tábìlì, ó kó àkísà sínú rẹ̀ kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ Joanna, ọmọ Owena. Ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn. Nítorí náà, Màmá Ọmọ́yẹlé, ẹ̀gbọ́n bàbá Felix, fa ìyàwó tuntun lọ́wọ́ káàkiri ilé, ó ń fi ọkọ hàn án níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n kan odídẹrẹ́.

"Èyí náà ti wà nílé kí o tó dé. Ọkọ rẹ ni. Kúnlẹ̀ kí i."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Joanna náà rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀. Ó rò pé àwàdà náà parí síbẹ̀.

Kánsẹ́lọ̀ kò mọ àwàdà. Bí Joanna bá ti gbé oúnjẹ wọlé, ẹyẹ náà á ya ìrù, á fò wá, á sì gé e létí jẹ. Bó bá jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ẹyẹ á rìn wá jókòó sáàárín wọn.

"Má bínú, Joanna," ni Felix máa ń wí. "Ọmọdé ni."

Kì í ṣe etí ló dun Joanna jù. Ohun tó dùn ún ni pé òun tí wọ́n fẹ́ níwájú Fadá, "Joanna" lásán ni. Ẹyẹ ni "ọ̀wọ́n mi." Bó bá ń gún iyán, etí rẹ̀ á wà ní ṣọ́ọ̀bù, á máa gbọ́ "ọ̀wọ́n mi, ọ̀wọ́n mi," ọmọ odó á sì máa balẹ̀ bí ẹni pé odó náà jẹ ẹ̀ṣẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, Kánsẹ́lọ̀ yí padà. Ó kó wọ inú àpótí, kò fẹ́ jáde. Bí Felix bá nawọ́ sí i, á bi oúnjẹ tó ti jẹ sí i lọ́wọ́. "Ó ń tọ́jú mi," ni Felix ń sọ fún àwọn oníbàárà, ojú rẹ̀ ń dán. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ ba láti wo inú àpótí, ó sì pariwo.

Kánsẹ́lọ̀ ti yé ẹyin.

Ìròyìn náà kárí Odòde kó tó di ọ̀sán. Àwọn obìnrin gba ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kọjá láìní ohun tí wọ́n fẹ́ rán. "Joanna o! A rò pé ọkọ ni. Àṣé ìyáálé ni!" Joanna dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Màmá Ọmọ́yẹlé dé, ó wo ẹyin, ó wo ikùn Joanna tó ti lò ju ọdún kan lọ nílé ọkọ láìlóyún, ó ní, "Ó dáa. Ẹnì kan ti gbìyànjú nílé yìí."

Bí ó ti jáde, Joanna di ẹrù rẹ̀.

"Bùrọ̀dá Felix, mò ń lọ sí Owena."

"Nítorí ẹyẹ?"

"Ẹyẹ kẹ̀? Ẹ má pè é ní ẹyẹ mọ́, ó ti di ọlọ́mọ."

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Nílé bàbá mi, adìẹ tó bá ń sàba lórí asán, a kì í bẹ̀ ẹ́. Ìtẹ́ rẹ̀ la máa ń kó dànù. Ẹ gbé àpótí yẹn jáde. Ẹ má fi ẹnu bọ́ ọ mọ́. Ẹ má fọwọ́ pa á lẹ́yìn mọ́, orí rẹ̀ nìkan ti tó. Ìkẹ́ tí akọ ẹyẹ ń kẹ́ abo lẹ ń kẹ́ ẹ. Ọkọ ló ń pè yín, ẹ̀yin náà sì ń jẹ́ ẹ! Kí ẹ sì gé ìyẹ́ rẹ̀, kí etí mi sinmi."

"Yóò ṣubú."

"Apá kan ni wọ́n gé nígbà yẹn. Ẹ̀yin télọ̀, ṣé ẹ máa ń gé apá ẹ̀wù kan kúrú, kí ẹ fi èkejì sílẹ̀? Apá méjèèjì la ó gé, kí wọ́n dọ́gba, kí ó lè máa rọra balẹ̀. Ìyẹ́ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, a ò ní fọwọ́ kàn án."

Felix ní, "Ó dáa. Ìwọ dì í mú, èmi á gé e."

Joanna pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i? Ẹni tó bá dì í mú ló máa bá ṣọ̀tá. Ẹ fẹ́ kí n máa jẹ́ ìkà lọ, kí ẹ̀yin máa jẹ́ ọ̀wọ́n. Rárá o. Ẹ̀yin lẹ máa dì í mú. Èmi ni n ó gé e. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ wá gbé ẹrù rù mí."

Felix wo ẹrù. Ó wo àpótí. Ó mú aṣọ káàkì kan lórí tábìlì, ó fi wé ẹyẹ náà, ó sì gbé e jáde síwájú ilé. Kánsẹ́lọ̀ kò jà. Ó rò pé wọ́n ń gbé òun jó ni. Ìgbà tó gbọ́ ìró sísọ́ọ̀sì ló yí ojú sí Felix, ó sì gé e jẹ ní àtàńpàkò tó fi ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Felix pa ojú dé, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Joanna na apá ẹyẹ sí oòrùn, ó yẹ ìyẹ́ wò, ó gé èyí tó gùn lápá ọ̀tún, ó gé irú rẹ̀ lápá òsì. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, Kánsẹ́lọ̀ fò, ó lu apá díẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀. Ó rìn lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó kọ ẹ̀yìn sí Felix.

Felix gbé àpótí jáde, Kánsẹ́lọ̀ kò sì yé ẹyin mọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń fúnra rẹ̀ jẹ ata nínú àwo, kò sì gé Joanna jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n bí Felix bá pè é, kì í wò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Babárìndé katikísì wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ rìn lọ bá a, ó sì tẹrí ba fún un kó bá òun họ ọ́.

"Bàbá Katikísì, ẹ ṣọ́ra," ni Felix ké láti ìdí oúnjẹ. "Ó máa ń géni jẹ o."

"Èyí? Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án lọ́rùn báyẹn."

"Bùrọ̀dá Felix," ni Joanna wí, "iyán ń tutù."

Felix na ọrùn láti wo ibi tí ọwọ́ katikísì dé. Joanna sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì títí orí rẹ̀ fi dí ẹyẹ náà mọ́ ọn lójú.