Abọ́ Ìyá Mi Lójú Ọjà Ayélujára

Ohun àtijọ́ ni mò ń tà ní Sàǹgó: aago ara ògiri, rédíò onígi, kámẹ́rà tí kò ya fótò mọ́. Inú fóònù ni ọjà mi wà ju inú ṣọ́ọ̀bù lọ. Àwọn tó ń rà á kì í lò ó. Wọ́n ń kó o jọ bí ọmọdé ṣe ń kó ìdérí ìgò jọ ni. Bí nǹkan bá sán, mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ fótò pé ó sán. Bí mi ò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, màá kọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo ti mọ òwe yẹn kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Obìnrin tó ń ta irú ọjà kan náà ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi ló kọ́ mi ní ìtumọ̀. Abẹ́òkúta ló ti wá bá wa. Aago tó bá rà lọ́wọ́ alágbàfọ̀, bó bá fi máa dé orí fóònù tirẹ̀, ó ti di aago adájọ́ àgbà. Rédíò tí wọ́n fi ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nílé ọtí á di ti ìdílé ọlọ́lá kan. Àwọn ènìyàn á sì ya bò ó. Yóò máa kí mi láti òdìkejì pé, "Àǹtí mi, ẹ kú ọjà o." Ẹnu mi máa ń dáhùn, inú mi kì í dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo jowú rẹ̀. Mo jowú aṣọ rẹ̀, mo jowú ẹnu dídùn rẹ̀, mo tilẹ̀ jowú iná tó máa ń wà ní ìhà tirẹ̀ nígbà tí tiwa bá ti lọ.

Gbogbo ìyẹn kéré sí ọ̀rọ̀ abọ́ ìyá mi.

Àtàn-Ọ̀tà ni ìyá mi ń gbé. Ó ní abọ́ tánganran ńlá kan, olódòdó pupa, tó ti wà lórí kọ́ńbọ́ọ̀dù rẹ̀ kí n tó gbọ́njú. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe: abọ́ tó dára jù nílé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi jẹun. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fún mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tà á, mo kàn fẹ́ kó jẹ́ tèmi ni. Ó ní bí òun bá kú, kí n wá gbé e.

Àfi bí mo ṣe ṣí fóònù lọ́jọ́ kan tí mo rí abọ́ náà lójú ọjà obìnrin yẹn. Mo mọ ibi tó ti bó létí, tí irin dúdú ti yọ. Èdè òyìnbó ló fi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: pé ayaba ló fi abọ́ yìí ta ìyàwó kan lọ́rẹ, pé ìyàwó gbé e lórí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, tí àwọn obìnrin ààfin ń kọrin tẹ̀ lé e dé ilé ọkọ.

Irọ́ pátápátá. Ìyá mi kò ṣe ìgbéyàwó. Oyún mi ló gbé e lọ sílé bàbá mi, òun àti àpò aṣọ kan, kò sì sẹ́ni tó kọrin. Ọjà ló ti ra abọ́ náà fúnra rẹ̀, nígbà tí mo ti ń rìn.

Mo kọ èsì kan kí gbogbo ayé lè rí i: "Irọ́ ni o. Ìyá mi ló ni abọ́ yìí, ọjà ló ti rà á." Ṣùgbọ́n mi ò tíì fi ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí ìyá mi kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó gbé abọ́ fún, kó kábàámọ̀ lójú mi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọkọ̀. Tírélà àwọn ilé iṣẹ́ dí wa mọ́ Ìyànà Ìyẹsí. Mo ń sọ lọ́kàn pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ṣùgbọ́n òtítọ́ tó wọkọ̀ lọ́jọ́ náà kò yára rárá.

Mo bá ìyá mi lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Mo túmọ̀ ohun tí obìnrin náà kọ fún un, mo kà á dópin.

"Màámi, ṣé ẹ gbọ́ irọ́ tó pa mọ́ yín?"

"Kò parọ́ kankan," ó ní. "Èmi ni mo sọ fún un bẹ́ẹ̀."

Ó gbé tẹ̀sùbáà lé itan.

"Nígbà tí ìwọ wá wo abọ́ náà, o dojú rẹ̀ délẹ̀, o fi èékánná ha á, o ní ó ti bó létí. Òun ń wá ohun àtijọ́ rà kiri àdúgbò wa ló bá yà wọlé, ó jókòó síbi tó o jókòó sí yìí, ó ní, 'Màmá, báwo ni ọjọ́ ìyàwó yín ṣe rí?' Kò sẹ́ni tó bi mí rí. Ṣé kí n wá sọ fún un pé kò sí ni? Mo sì fún un ní abọ́ náà. Kò rà á, mo fún un ni."

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn mí jù. Mo pa èsì tí mo kọ rẹ́.

Ó ní kí n tún un kà. Mo bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn obìnrin ààfin ti ń kọrin, tí mo rí bí ojú ìyá mi ṣe ń dán, mo tún jowú. Mo fi tèmi kún un: "Ìyá ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi lójú, ó ń ṣàdúrà pé ẹ̀yìn ìyàwó ò ní mẹní."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ìyẹn ò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan."

"Ó wà níbẹ̀, mà. Mo fò ó ni."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Obìnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ kọ o," ó ní.